Aṣọ Wo La Ó Fi Ṣeré Ogun Ọ̀rẹ̀?

Bí àwọn ọmọ wa bá fẹ́ fi ogun Ọ̀rẹ̀ ṣeré, ìbọn onígi àti fìlà sójà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Wọn kì í ka aṣọ ìbora sí. Ẹ ó kàn rí i tí ẹni tó ní òun sá wọgbó lọ́dún 1967 á fi kúbùsù fleece múlọ́múlọ́ bora, èyí tó jẹ́ pé ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òwú ike ṣe é ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó sá gan-an nígbà náà ṣì wà láàrin wa o, wọ́n á sì máa wòran.

Ní ọjọ́ 9 oṣù August 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba orí afárá odò Ọya kọjá láti Onitsha sí Asaba. Wọ́n gba Benin lọ́jọ́ kan náà. Victor Banjo, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ló ṣáájú wọn, Èkó ni wọ́n sì dojú kọ. Ọ̀rẹ̀ yìí náà ni ìrìn wọn parí sí. Ìjọba àpapọ̀ gba Benin padà ní 20 September. Ní 22 September wọ́n yìnbọn pa Banjo ní Enugu, wọ́n ní ó dìtẹ̀ mọ́ Ojukwu. Ibẹ̀ la ti ń sọ ọ́ títí dòní pé ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ń ṣe ará ìlú, kíjìpá ni kẹ́ ẹ wá fún un, tàbí ìró àǹkárá tó ti gbó. Òwú lásán ni kíjìpá, àwọn obìnrin ló ń hun ún lórí òfì olóòró, ó nípọn, kì í tètè ya. Àgùntàn igbó tiwa kò ní irun tí wọ́n lè ran lówùú, ìdí nìyẹn táwọn ìyá wa fi di òwú mú. Lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní ilẹ̀ Mali, irun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun kúbùsù tí wọ́n ń pè ní kàsá, fún òtútù àti ẹ̀fọn.

Ti sójà yàtọ̀. Irun àgùntàn ni kúbùsù tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń lò nígbà ogun Hitler. Bó tilẹ̀ rin, ó ṣì máa ń móoru, kíjìpá kò lè ṣèyẹn. Aláwọ̀ eérú tàbí aláwọ̀ ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú, kò gbọ́dọ̀ ní òdòdó kankan.

Ẹ lè rí i nínú bẹ́ẹ̀lì òkìríkà. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ, kẹ́ ẹ ṣáná sí i. Bó bá ń rùn bí irun tó jó, tí eérú rẹ̀ sì rún mọ́wọ́, irun àgùntàn ni. Bó bá yọ́, tó wá le gbandi, ike ni. Òwú a máa jó bíi bébà. Ẹ nà án sójú oòrùn, kẹ́ ẹ wò bóyá kòkòrò ti lu ú. Omi tútù ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má fún un bí ẹni fún ẹ̀fọ́. Bó bá kan omi gbígbóná, á sún kì, ẹsẹ̀ sójà yín á wà níta.