Ọlọ́pàá àti Ìfọkàntán Ará Ìlú: Láti Ayé Gólóbà dé Bàrígà

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. Nítorí náà, ẹ má bínú bí mo bá mú ọ̀rọ̀ yìí láti ìdí orúkọ.

Ẹni tí ó ní ọ̀pá ni ọlọ́pàá. Àwọn baba wa tí wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ náà kò pè é ní olùṣọ́. Ohun tí wọ́n rí lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi pè é. Kì í ṣe pé a kò mọ ẹni tí ń ṣọ́ ìlú tẹ́lẹ̀. Ìlàrí wà ní Ọ̀yọ́, akódà wà lọ́dọ̀ ọba, ọdẹ a sì máa ṣọ́ òru. N kò ní purọ́ fún yín pé ayé àtijọ́ dùn bí oyin. Ìlàrí mìíràn jẹ́ ẹ̀rù fún ará oko. Ṣùgbọ́n a mọ agbo ilé tí ọdẹ ti jáde wá. Bí ó bá ṣìwà hù, a mọ baba tí a ó pè.

Ti Èkó yàtọ̀. Ní 1861 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn Haúsá jọ, tí ó ń gbé ìbọn lé wọn lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tí ó ti sá mọ́ olówó wọn lọ́wọ́. Ẹ fi ojú inú wò ó: ẹni tí kò ní ìyekan ní ìlú, tí ó sì ní ìdí tí ó fi lè kórìíra àwọn ọlọ́rọ̀ ibẹ̀, òun ni a ní kí ó ṣọ́ ìlú. Èyí kì í ṣe àṣìṣe. Ẹni tí kò bá ìlú tan kì í tètè ṣàánú ìlú, ìjọba sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1896 a dá Ọlọ́pàá Èkó sílẹ̀. Ní 1930 a pa ti Gúúsù àti ti Àríwá pọ̀. Ní 1964 ni Louis Edet di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Ọ̀gá Àgbà wọn. Awọ yí padà. Àṣà gbígbé ọlọ́pàá lọ sí ibi tí kò ti ní ará kò parẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sílé wàyí. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 2000, wọ́n pa ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá Bàrígà. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ọmọ OPC wà nínú rẹ̀. Ààrẹ Ọbásanjọ́ kọ̀wé sí Gómìnà Tinúbú pé òun lè kéde ìjọba pàjáwìrì ní Èkó. Ìpànìyàn ni, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n òpìtàn gbọ́dọ̀ béèrè ìdí tí ọ̀pọ̀ ará àdúgbò fi ń ké sí OPC nígbà náà bí olè bá dé, tí wọn kì í ké sí ọlọ́pàá. Ogún ọdún lẹ́yìn èyí, ní oṣù Ọ̀wàrà 2020, àwọn ọ̀dọ́ tú jáde nítorí SARS, ẹ̀ka tí a dá sílẹ̀ ní 1992. Ìjọba sì tú u ká. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, tí Ààrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí lóṣù tí ó ṣáájú, ti ní kí ìgbìmọ̀ ọlọ́pàá àti ará ìlú wà. Ọ̀rọ̀ inú ìwé dára.

Ní ìpàdé àwọn onílé kan tí mo jókòó sí, ọ̀gá ọlọ́pàá tuntun kan bẹ̀ wá pé kí a máa mú ìròyìn àwọn olè wá fún òun. Bàbá kan dìde.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó tú àṣírí ìyá ẹlẹ́kọ?”

Gbogbo wa dákẹ́. Ìyá náà ti lọ sọ orúkọ àwọn ọmọ kan ní àgọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan; kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti dúró níwájú ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n ń ka ohun tí ó sọ sí i létí. Ó kó lọ sí Ìkòròdú.

Ọ̀gá náà ṣí fìlà. “Bàbá, n kò mọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ṣùgbọ́n mà á wádìí rẹ̀.”

Mo gbà á gbọ́, nítorí ó padà wá lẹ́ẹ̀mejì láti bi wá léèrè ọ̀rọ̀ sí i. Kí ìwádìí náà tó dé ibì kankan, wọ́n gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ pe ìpàdé àwọn onílé. A lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí ó bẹ̀ wá fún ni pé kí a máa mú ìròyìn wá.