Jọ́ìsítííkì Àfọwọ́ṣe

Jọ́ìsítííkì àfọwọ́ṣe ni ẹ̀rọ ìdarí géèmù tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, láti máa gbá géèmù lórí kọ̀ǹpútà tàbí tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n ṣe ń gbá a lórí àwọn ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń sọ owó onírin sínú wọn láyé àtijọ́. Àpótí kan ni: ọ̀pá wà lápá òsì, bọ́tìnnì mẹ́fà sí mẹ́jọ wà lápá ọ̀tún, wáyà USB sì ti ẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́ta ló pàdé nínú rẹ̀: iṣẹ́ káfíńtà, iṣẹ́ irin àti iṣẹ́ iná. Ní Ìlọrin, kò sí èyí tí a ó wá tì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀pá àti bọ́tìnnì ojúlówó pẹ̀lú bọ́ọ̀dù tó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ nìkan ló ń ti òkèèrè wá.

Ìtàn

Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìdarí géèmù. Ní 1962, àwọn ọ̀dọ́ kan ní ilé ìwé gíga MIT, ní Amẹ́ríkà, ṣe géèmù Spacewar! sórí kọ̀ǹpútà PDP-1. Súìṣì ara kọ̀ǹpútà yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi gbá a, kò sì rọ apá lọ́rùn. Alan Kotok àti Bob Saunders bá ṣa pákó, wáyà àti súìṣì jọ láti inú ẹrù ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ rélùwéè kékeré nílé ìwé náà, wọ́n kan àpótí ìdarí fún un.

Kò pẹ́ tí iṣẹ́ náà fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Kókó tí a ń fọwọ́ yí ni Atari fi sí Pong ní 1972. Pac-Man, ní 1980, lo ọ̀pá tó mọ ọ̀nà mẹ́rin péré. Street Fighter II tí Capcom gbé jáde ní 1991 ló sọ ètò tòní di bárakú: ọ̀pá ọ̀nà mẹ́jọ àti bọ́tìnnì mẹ́fà, mẹ́ta fún ẹ̀ṣẹ́, mẹ́ta fún ìpá. Ní 1997, Nicola Salmoria, ọmọ Ítálì, gbé MAME jáde, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń jí àwọn géèmù àtijọ́ dìde. Kíbọ́ọ̀dù kò bá àwọn géèmù náà mu, ọ̀pọ̀ olùgbá géèmù sì tún padà sídìí ayùn àti òòlù.

Bí ọ̀pá ṣe ń ṣiṣẹ́

Ìdí ọ̀pá ni iṣẹ́ wà. Súìṣì kéékèèké mẹ́rin ló yí i ká. Bí ọ̀pá bá fì sí ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́; bí ó bá fì sí igun, ó tẹ méjì pọ̀. Báyìí ni súìṣì mẹ́rin ṣe ń bí ọ̀nà mẹ́jọ. Sípíríìnì ló ń dá ọ̀pá padà sáàárín, ike kan nísàlẹ̀ sì ló ń pààlà ibi tó lè dé: ihò ike náà lè jẹ́ igun mẹ́rin, igun mẹ́jọ tàbí róbótó. Nítorí pé àárín ni ọ̀pá ti dúró fì, bí a bá tì í sósì lókè, ọ̀tún ni ìdí rẹ̀ ń lọ nísàlẹ̀, súìṣì ọ̀tún ló sì ń tẹ̀. Ẹni tí kò bá ro ti èyí á so wáyà ní òdì.

Nínú àwọn tó ń ṣe ọ̀pá fún títà, Sanwa àti Seimitsu ti Japan ni orúkọ wọn ròkè jù. Orí ọ̀pá tiwọn rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù; ti àwọn ará Amẹ́ríkà sábà máa ń gùn. Bọ́tìnnì Japan jẹ́ milimítà 30 fún eré, 24 fún àwọn èyí tí a kì í tẹ̀ léraléra.

Àpótí

Níbí ni iṣẹ́ ti le jù. Kí ayùn tó kan pákó, a ó ya àwòrán rẹ̀ sórí páálí, a ó gé e, a ó sì gbé ọwọ́ lé e títí apá àti ọrùn ọwọ́ yóò fi rọ̀. Ìka àárín gùn ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí náà bọ́tìnnì kì í tò gbọọrọ. Wọ́n máa ń tẹ̀ kọrọdọ tẹ̀lé ìka. Láti àárín bọ́tìnnì kan dé àárín èkejì, bíi milimítà 36 ló dára. Àpótí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40, tó fẹ̀ tó 25, á jókòó lórí itan láìyẹ̀.

Ojú ọjọ́ Ìlọrin náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Ọyẹ́ ń mú pákó sún kì, òjò ń mú un wú, oríkèé tí kò bá dì dáadáa á sì là. Plywood kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé ìpele rẹ̀ dábùú ara wọn. MDF, pákó tí a fi ẹ̀rún igi tẹ̀ pọ̀, rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n bí omi bá kàn án láì jẹ́ pé a ti kùn ún, ó tán. Igi arẹ̀rẹ̀ fúyẹ́ jù fún àpótí tí a fẹ́ kó má yẹ̀. Afárá sàn jù ú lọ. Fún ojú òkè, irin pẹlẹbẹ milimítà méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́, torí pé bọ́tìnnì tí a kàn ń tì wọlé kì í di ojú tó nípọn mú. Wẹ́dà tàbí panẹ́ẹ̀lì-bítà tó mọ ojú ìwọ̀n lè gé e. Ẹni tó bá lo pákó nípọn nílò bọ́tìnnì onínọ́ọ̀tì.

Wáyà àti bọ́ọ̀dù

Ẹsẹ̀ méjì ni a ń lò lára súìṣì kọ̀ọ̀kan. A ó so ẹsẹ̀ kan gbogbo wọn mọ́ wáyà áàtì kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ kejì á sì lọ sí ààyè tirẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù. Iná díẹ̀ máa ń dúró ní ààyè náà. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì, iná náà á sọ̀ kalẹ̀ sí áàtì, bọ́ọ̀dù sì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Irin inú súìṣì a máa gbọ̀n díẹ̀ kó tó fara kan ara rẹ̀ pátápátá, bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe fojú fo ìgbọ̀n yẹn, kí ẹ̀ṣẹ́ kan má baà di mẹ́ta.

Bọ́ọ̀dù tó wọ́pọ̀ lónìí ni Raspberry Pi Pico, tó jáde ní 2021 ní dọ́là mẹ́rin. GP2040-CE, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́, ló ń sọ ọ́ di ẹ̀rọ ìdarí. Kọ̀ǹpútà gbà á láìjanpata. PlayStation 4 kì í ṣe bẹ́ẹ̀: bí ẹ̀rọ ìdarí kò bá ní ẹ̀rí ìdánimọ̀, ó máa ń já a dànù lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

Wíwá ohun èlò

Ẹni tí kò bá fẹ́ dúró de ẹrù òkèèrè lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pádì kọ̀ǹpútà tí ọ̀pá rẹ̀ ti ń ṣá. Ọ̀pá ló bàjẹ́, bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ṣì wúlò. A lè fi sọ́dà jó wáyà mọ́ ojú bọ́tìnnì rẹ̀. Súìṣì kéékèèké wà lára ilẹ̀kùn àwọn máíkírówéèfù tó ti kú sí ṣọ́ọ̀bù àwọn atún-ẹ̀rọ-ṣe, wáyà sì wà lọ́dọ̀ àwọn ríwáyà. Bọ́ọ̀dù tuntun sábà máa ń gba ọjà Ọtìgbà ní Ìkẹjà kọjá kó tó dé Kwara.

Fífi àlòkù ṣe nǹkan báyìí kì í ṣe tuntun ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Lomé, Afate Gnikou fi àlòkù kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D kan, W.Afate, tí òkìkí rẹ̀ kàn ní 2013. Ní Cotonou, àwọn ọ̀dọ́ ní BloLab, ibi tí wọ́n ti ń pàdé ṣe nǹkan, ti to kọ̀ǹpútà sínú kẹ́ẹ̀gì.

Ìtọ́jú

Bí bọ́tìnnì kan bá kú, súìṣì tirẹ̀ nìkan ni a ó pààrọ̀. Bí ọ̀pá bá ń há, a ó nu ìdí rẹ̀, a ó fi gíríìsì díẹ̀ sí i. Iná fóòtì márùn-ún láti ẹnu USB ti tó fún gbogbo rẹ̀, nítorí náà bí iná bá lọ, eré ń bá a lọ níwọ̀n ìgbà tí bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká bá ṣì wà.