Ṣíṣe ẹ̀dà handle ẹ̀rọ nínú kernel

Ṣíṣe ẹ̀dà handle ni kí prógíráàmù tàbí driver gba nọ́ńbà mìíràn tí yóò máa fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣí tẹ́lẹ̀, láìtún ẹ̀rọ náà ṣí. Ní Unix àti àwọn tó jáde láti ara rẹ̀, títí kan Linux, descriptor ni wọ́n ń pe nọ́ńbà yìí, dup àti dup2 ni wọ́n sì fi ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ní Windows, handle ni orúkọ rẹ̀. DuplicateHandle ni prógíráàmù ń pè, driver sì ń pe ZwDuplicateObject. Nọ́ńbà náà kì í ṣe ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ààyè kan ló jẹ́ nínú tábìlì tí kernel ń tọ́jú fún prógíráàmù kọ̀ọ̀kan, ààyè yẹn ló sì ń tọ́ka sí àkọsílẹ̀ tí kernel ṣe nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ: struct file ní Linux, FILE_OBJECT ní Windows. Ẹni tó gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ kejì fún yàrá kan kò tíì kọ́ yàrá kejì.

Ohun tó bá wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn di àjọni. Bí prógíráàmù bá fi descriptor 3 ka báìtì 100 àkọ́kọ́ nínú fáìlì, tó wá fi ẹ̀dà rẹ̀ tí í ṣe 4 kà, ibi tí ti àkọ́kọ́ dúró sí ni ti kejì yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni àmì O_NONBLOCK, tó ń sọ pé kí kíkà tàbí kíkọ má ṣe dá prógíráàmù dúró, rí. Lórí tẹ́mínà, descriptor 0, 1 àti 2 sábà máa ń jẹ́ ẹ̀dà ara wọn. Prógíráàmù tó bá fi O_NONBLOCK sórí 0 ti fi sórí 1 náà, bí kò bá sì yọ ọ́ kó tó parí iṣẹ́, shell tó pè é lè bá àmì náà níbẹ̀. Àmì FD_CLOEXEC, tó ń mú kí kernel pa descriptor dé nígbà tí prógíráàmù bá fi exec di òmíràn, yàtọ̀: descriptor kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, dup kì í sì í gbé e sórí ẹ̀dà.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ driver ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Ní Linux, kernel ń pe iṣẹ́ open inú driver lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá lo dup lẹ́yìn náà, tàbí tí prógíráàmù bá fi fork bí ọmọ, driver kò ní gbọ́ nǹkan kan. Kernel kàn ń fi kún iye àwọn tó di struct file náà mú ni. Ìgbà tí iye yẹn bá di òdo ni kernel ń pe iṣẹ́ release inú driver, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni. Ìwé Linux Device Drivers, tí àtẹ̀jáde rẹ̀ kẹta jáde ní 2005, tẹnu mọ́ ọn pé kì í ṣe gbogbo close ló ń yọrí sí release. Flush ni kernel ń pè ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pa descriptor kan dé, ṣùgbọ́n driver tó ń lò ó kò pọ̀. Ti téèpù SCSI wà lára wọn, nítorí ó gbọ́dọ̀ rí i pé gbogbo ohun tí wọ́n kọ ti dórí téèpù.

Nítorí náà, driver tó bá kọ nọ́ńbà prógíráàmù tó ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀, tó ní ẹni yẹn nìkan ni òun yóò dá lóhùn, ti gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ka ibi tí kò dúró. Ẹni tó ṣí i lè ti kú, kí ọmọ rẹ̀ ṣì máa lò ó. Ó sì lè ti fi SCM_RIGHTS, ọ̀nà tí wọ́n fi ń gbé descriptor gba inú socket, gbé e ránṣẹ́ sí prógíráàmù tí kò bá a tan rárá. Inú private_data tó wà nínú struct file ló yẹ kí driver kó ìpamọ́ rẹ̀ sí, kó sì dúró de release kó tó tú u ká.

Bí driver bá fẹ́ lo fáìlì tí prógíráàmù fún un ní nọ́ńbà rẹ̀, kò nílò ẹ̀dà nọ́ńbà: fget ni yóò fi di struct file mú, fput ni yóò fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá sì fẹ́ fún prógíráàmù ní descriptor tuntun, ètò ìgbésẹ̀ ṣe pàtàkì. Kó kọ́kọ́ fi get_unused_fd_flags gba nọ́ńbà, kó fi copy_to_user gbé nọ́ńbà náà jáde, kó tó wá pe fd_install. Lẹ́yìn fd_install kò sí àtúnṣe mọ́, nítorí thread mìíràn lè ti pa á dé tàbí kó ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Windows ya ọ̀rọ̀ náà sọ́tọ̀ kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. IRP ni ìbéèrè tí Windows ń fi ránṣẹ́ sí driver. IRP_MJ_CREATE ń dé nígbà ṣíṣí; ṣíṣe ẹ̀dà kì í mú òmíràn wá. IRP_MJ_CLEANUP ń dé nígbà tí handle tó kẹ́yìn bá lọ, IRP_MJ_CLOSE sì ń dúró títí ìtọ́ka tó kù nínú kernel, irú èyí tí ObReferenceObjectByHandle ń mú, yóò fi tán. Prógíráàmù tí IRP_MJ_CLEANUP bá lẹ́nu iṣẹ́ lè má jẹ́ èyí tó ṣí ẹ̀rọ. Ẹni tó ń ṣe ẹ̀dà lè dín agbára ẹ̀dà náà kù, kó lè kà ṣùgbọ́n kó má lè kọ. Ẹ̀tọ́ PROCESS_DUP_HANDLE léwu: ẹni tó bá ní i lórí prógíráàmù mìíràn lè ti ibẹ̀ gba agbára kíkún lórí rẹ̀.

Ibi tí ẹnu kò kò sí ni close tí signal bá dá dúró, tó sì dá àṣìṣe EINTR padà. POSIX fi ipò descriptor náà sílẹ̀ láìsọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Linux ti máa ń tú u sílẹ̀ kó tó dáhùn. HP-UX ń fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ní Linux, ó jọ pé àìtún close pè ló sàn, torí thread mìíràn lè ti gba nọ́ńbà kan náà. A kò lè fi èyí ṣe òfin fún gbogbo Unix.

Dup2 wà nínú Version 7 Unix ti 1979. Òun ni shell fi ń darí ohun tí prógíráàmù ń kọ sínú fáìlì. Linux 2.6.27, ní 2008, mú dup3 wá, èyí tó lè fi àmì CLOEXEC sórí ẹ̀dà lójú ẹsẹ̀. Dma-buf wọ Linux 3.3 ní 2012, káàdì àwòrán àti kámẹ́rà sì ń fi descriptor pín mẹ́mọ́rì láàárín ara wọn. Pidfd_getfd dé pẹ̀lú Linux 5.6 ní 2020: ó ń jẹ́ kí prógíráàmù kan fa ẹ̀dà descriptor jáde láti inú òmíràn, bí kernel bá ti gbà á láyè láti fi ptrace, tí wọ́n fi ń yẹ prógíráàmù mìíràn wò, mú un.