Metropolis (fíìmù ọdún 1927)

Metropolis jẹ́ fíìmù ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì aláìlóhùn ti orílẹ̀-èdè Jámánì, tí Fritz Lang darí. Ìlú Berlin ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàfihàn rẹ̀, ní ọjọ́ 10, oṣù Kínní, ọdún 1927.

Ìtàn náà dá lórí ìlú ńlá kan tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń gbé òkè rẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń gbé abẹ́ ilẹ̀. Onímọ̀ kan, Rotwang, fún róbọ́ọ̀tì ní ìrísí Maria, ọmọbìnrin tí àwọn òṣìṣẹ́ fọkàn tán. Brigitte Helm ló ṣe ẹ̀dá méjèèjì.

Láìpẹ́ ni wọ́n gé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin fíìmù náà kúrò. Èyí tó ba ìtàn jẹ́ jù ni yíyọ tí wọ́n yọ Hel kúrò ní Amẹ́ríkà, nítorí pé orúkọ rẹ̀ jọ ọ̀rọ̀ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọ̀run àpáàdì. Obìnrin yìí gan-an ni Rotwang àti Fredersen, olórí ìlú, jọ fẹ́ràn. Láìsí i, òǹwòran kò lè mọ ohun tó fa ọ̀tá wọn.

Ní ọdún 2008, wọ́n rí ẹ̀dà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sinimá kan ní Buenos Aires, Argentina. Ẹ̀dà náà ti ha púpọ̀, nítorí náà ojú lásán lè dá àwọn ìran tí wọ́n dá padà mọ̀ nínú àtúnṣe ọdún 2010. Ìjà Rotwang àti Fredersen ṣì sọnù. Ọ̀rọ̀ kíkọ ni wọ́n fi dípò rẹ̀.