Itẹ́ òkú Àfonífojì Rupert ní erékùṣù St Helena

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1840, wọ́n hú òkú Napoleon ní erékùṣù St Helena, wọ́n sì fi ọlá ńlá gbé e padà sí ilẹ̀ Faransé. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ilé ẹjọ́ sílẹ̀ ní erékùṣù náà láti máa gbọ́ ẹjọ́ ọkọ̀ òkun tí wọ́n bá ká ẹrú mọ́. Tọmọdé tàgbà ló gbọ́ ti Napoleon. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n sin sí Àfonífojì Rupert kò rí ẹni ròyìn wọn bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ ká ròyìn wọn.

Òfin tí ilé ìgbìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́dún 1839 ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó fún àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn láṣẹ láti mú ọkọ̀ Potogí tó bá ń kó ẹrú. Ṣáájú ìgbà náà, Freetown ni wọ́n sábà máa ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí lọ́dún 1822. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ tó ń ti ẹnu odò Kóńgò àti etíkun Àǹgólà lọ sí Bràsíìlì jìnnà sí Freetown, St Helena ló sún mọ́ wọn jù. Títí di nǹkan bí ọdún 1872, àwọn tí wọ́n kó gúnlẹ̀ síbẹ̀ lé ní 25,000, ní erékùṣù tí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ kò ju kìlómítà 122 níbùú lóròó.

Òfin wá, ètò kò bá a wá. Ebi, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti ìgbóná ti ṣe wọ́n léṣe nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Wọ́n kó àwọn kan sí Àfonífojì Lemon, níbi tí dókítà George McHenry ti ń tọ́jú wọn. Àfonífojì Rupert ni àgọ́ ńlá wà, ilẹ̀ olókùúta tó gbẹ táútáú. Nǹkan bí 8,000 ló kú. Ẹ̀gbẹ́ àgọ́ náà ni wọ́n ń sin wọ́n sí.

Lọ́dún 2007 sí 2008, nígbà tí wọ́n fẹ́ la ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú gba ibẹ̀, Andrew Pearson àti àwọn awalẹ̀pìtàn ẹgbẹ́ rẹ̀ hú òkú 325. Sàréè wọn kò jìn. Òkú méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ló wà nínú ihò kan, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ní pósí. Ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan ti gbẹ́ eyín iwájú wọn ní ṣónṣó gẹ́gẹ́ bí àṣà ìlú wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ ṣì wà lára àwọn mìíràn. Ohun tó ká mi lára jù nìyẹn: wọ́n gba ilé, òbí àti orúkọ lọ́wọ́ ọmọ kan, síbẹ̀ ìlẹ̀kẹ̀ ilé rẹ̀ bá a wọ sàréè.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yè ni wọ́n kó lọ ṣiṣẹ́ ní Jàmáíkà, Trinidad àti Guyana. Díẹ̀ ló dúró sí erékùṣù. Egungun àwọn tí wọ́n hú wà nínú ilé kan ní Jamestown, ní erékùṣù náà, títí di oṣù kẹjọ ọdún 2022, kí wọ́n tó padà sin wọ́n sí Àfonífojì Rupert. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí DNA ènìyàn 20 nínú wọn. Àwọn ará àríwá Àǹgólà àti ti Gabon ni wọ́n bá tan jù.