Oko, Ilé àti UCH: Ìtàn Ìlera Alábọ́dé ní Ìgbèríko Ìbàdàn

Ní 1957 ni ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì, UCH, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ó tó ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn náà, ní 1978, kí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé tó fẹnu kò ní Alma-Ata pé ìtọ́jú alábọ́dé, èyí tí ó sún mọ́ ibi tí ènìyàn ń gbé tí ó sì ti ń ṣiṣẹ́, ni ó yẹ kí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ ètò ìlera. Lóòótọ́, Yunifásítì Ìbàdàn ti gbé iṣẹ́ ìlera ìgbèríko lọ sí Igbó-Ọrà ní 1963, ṣùgbọ́n Ìbàràpá ni ìyẹn, kì í ṣe oko Ìbàdàn.

Oko Ìbàdàn ní ìṣòro tirẹ̀. Ìdílé tí ó ń dáko ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá tàbí Ọ̀nà-Àrà kì í sábà ní ibùgbé kan ṣoṣo. Oko ni kòkó wà. Ilé ni agbo-ilé tí ó wà nínú ìlú. Ọdún, ìsìnkú àti ọ̀rọ̀ oyè, ilé ni gbogbo wọn. Aláìsàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá le, ilé náà ni wọ́n ń gbé e lọ, sọ́dọ̀ ìyá, ẹ̀gbọ́n àti oníṣègùn tí ó mọ ìdílé. UCH bá ọ̀nà yìí nílẹ̀ ni. Ìwé ètò ìjọba, ní tirẹ̀, ka abúlé sí ibi tí ó dá dúró: kí aláìsàn kọ́kọ́ rí òṣìṣẹ́ ìlera ibẹ̀, kí wọ́n tó kọ ìwé fún un lọ sí jẹ́nẹ́rà, kí ó tó kan UCH. Nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ti 1968 sí 1969, èyí tí ó gbóná ní agbègbè Àkànràn, owó orí ni àwọn ènìyàn ń rántí jù. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tún bèèrè ọ̀nà mọ́tò sí abúlé. Ẹni tí ó bá ti gbé aboyún gba ojú ẹrẹ̀ rí kò ní ka ìbéèrè yẹn sí ọ̀rọ̀ kòkó nìkan.

Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé tí ó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ni ó gbìyànjú jù láti tún ètò náà tò. Ìjọba ìbílẹ̀ 52 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Ìlànà ìlera orílẹ̀-èdè jáde ní 1988. Ìjọba àpapọ̀ mú ilé ìwòsàn yunifásítì, ìpínlẹ̀ mú jẹ́nẹ́rà, ìjọba ìbílẹ̀ mú alábọ́dé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1948, dókítà àdúgbò ni ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Níhìn-ín, òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ ni, tí ó ń tẹ̀lé ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ fún un. Èyí kì í ṣe àbùkù. Ibi owó ni àbùkù wà. 1989 ni wọ́n dá Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà sílẹ̀, ẹrù ìlera sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn níbi ìkómọ. Ìwé òfin 1999 wá ní kí owó wọn máa gba inú àpò àjọni kan tí ìpínlẹ̀ ń bójú tó. Òfin ìlera ti 2014 ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀, ó kéré tán, sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, àti pé ní 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà.

Ará oko tí ibà bá mú lóru ṣì ń kọ́kọ́ kan kẹ́mísìtì ẹ̀bá ọ̀nà. Bí ara kò bá rọlẹ̀, mọ́tò Ìbàdàn ni.