Aago Lọ́wọ́, Ojú Lójú Fèrèsé: Ìtàn The Railway Magazine

Oṣù Keje ọdún 1897 ni The Railway Magazine kọ́kọ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. G. A. Sekon ni olóòtú rẹ̀ àkọ́kọ́ ń pe ara rẹ̀. Nokes gan-an ni orúkọ ìdílé rẹ̀, ó kàn kọ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú ni. Ìwé ìròyìn tí ará ìlú lásán yóò rà kà ló fẹ́ ṣe, ó sì rí i ṣe.

Lójú tèmi, Charles Rous-Marten, tó ti ṣe oníròyìn ní New Zealand, ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Láti 1901 ló ti ń kọ nípa eré àwọn ẹ̀rọ reluwé nínú ìwé ìròyìn náà. Iṣẹ́ ọ̀hún kò ní awo nínú. Òpó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní ìdámẹ́rin máìlì kọ̀ọ̀kan. Bí òpó kan bá kọjá, a ó tẹ aago. Bí èkejì bá dé, a ó tún un tẹ̀. Ẹ fi iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà níbẹ̀ pín 900, ẹ ti mọ iye máìlì tí ọkọ̀ ń sá ní wákàtí kan.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún 1904, Rous-Marten wọ ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà Amẹ́ríkà bọ̀ láti Plymouth. Ẹ̀rọ City of Truro ló ń fà á. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lókè Wellington ní Somerset, aago ka ìṣẹ́jú àáyá 8.8. Máìlì 102.3 nìyẹn! Ilé-iṣẹ́ reluwé Great Western tó ni ọkọ̀ náà ní kó má tíì sọ ọ́, kí àyà èrò má baà já. Ó gbà fún wọn: bí ọkọ̀ ṣe gun òkè ló kọ, kò mẹ́nu ba eré ìsọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ kan nínú ọkọ̀ náà ní aago tirẹ̀, nítorí náà ìwé ìròyìn Plymouth ti gbé e jáde lọ́jọ́ kejì. Ó di 1922 kí ilé-iṣẹ́ náà tó jẹ́wọ́. Rous-Marten ti kú láti 1908. Wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ìdámárùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni aago rẹ̀ ń fò lẹ́ẹ̀kan. Bó bá fò lẹ́ẹ̀kan sí i péré, 100 géérégé ni ìbá jẹ́.

Sekon fipò sílẹ̀ ní 1910. Nígbà náà Cecil J. Allen, òṣìṣẹ́ reluwé Great Eastern, ti gba aago: ó bẹ̀rẹ̀ ní 1909, kò sì gbé kálàmù sílẹ̀ títí di 1958. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí bébà wọ́n, ìwé ìròyìn náà tó ń jáde lóṣooṣù di olóṣù méjì-méjì. Horncastle ní Lincolnshire ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ jáde báyìí, ó sì pé ọdún 125 ní 2022.